Ọwọ́ Tó Wọn Òkun: Àtúngbéyẹ̀wò Àkọsílẹ̀ Ìgbóná Ojú Òkun Ṣáájú Ọdún 1950

Ìfáárà

Láti ìgbà tí Folland àti Parker ti tẹ àtúnṣe wọn jáde ní 1995, ó ti mọ́ àwa tí à ń ṣiṣẹ́ lórí ìtàn ojú-ọjọ́ lára láti máa ka àṣìṣe inú àkọsílẹ̀ ìgbóná ojú òkun sí ọ̀ràn garawa. Omi inú garawa kánfáàsì a máa tutù kí atukọ̀ tó ti tẹmọ́mítà bọ̀ ọ́. Ti garawa onígi kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Omi tó bá gba yàrá ẹ́ńjìnnì kọjá a sì máa gbóná díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Bí a bá ti mọ irú garawa, ìyára ọkọ̀ àti bí afẹ́fẹ́ ṣe rí, a ó ṣírò iye tó sọnù, a ó sì dá a padà. Ìlànà yìí ti ṣe wá lóore púpọ̀. Àbá tí mo gbé wá síhìn-ín ni pé ó ti ṣì wá lọ́nà pẹ̀lú, nítorí ó mú wa gbà pé ohun èlò nìkan ló ń ṣe àṣìṣe. Ẹni tó mú ohun èlò dání, ẹni tó kọ iye tó rí sílẹ̀, àti ẹni tó da iye náà kọ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, gbogbo wọn ló lọ́wọ́ nínú nọ́ńbà tí à ń pè ní ìgbóná òkun lónìí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwíjàre inú ìwé lásán. Orí àkọsílẹ̀ wọ̀nyí la dúró sí tí a fi ń sọ pé òkun ní ìgbà tó ń móoru fúnra rẹ̀ àti ìgbà tó ń tutù fúnra rẹ̀. Orí rẹ̀ náà la dúró sí tí a fi ń wá ẹni tí a ó di ẹ̀bi ọ̀dá Sàhẹ́lì rù. Bí apá kan nínú ohun tí à ń pè ní ìṣe òkun bá jẹ́ ìṣe akọ̀wé, ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n, kí a sì sọ ọ́ síta.

Iṣẹ́ àwọn aṣáájú

Àpérò Brussels ti 1853, tí Maury, atukọ̀ ológun Amẹ́ríkà, jẹ́ abẹnugan rẹ̀, ló fi ìlànà lélẹ̀ lórí ohun tí ọkọ̀ ojú omi yóò máa kọ sílẹ̀. Àkójọ ICOADS ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé ọkọ̀ wọ̀nyẹn jọ, HadSST àti ERSST, àwọn àkójọ tí a ti tún ṣe, la sì fi ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Àwọn mìíràn ti sọ ìtàn yìí délẹ̀, mi ò ní tún un sọ. Ohun méjì péré ni kí a fi sọ́kàn. Folland àti Parker gbà pé díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo ọkọ̀ fi garawa onígi sílẹ̀ bọ́ sórí ti kánfáàsì, títí di nǹkan bí 1920. Wọ́n sì dá àtúnṣe garawa dúró ní ìparí 1941, lórí èrò pé láti ìgbà náà lọ, inú yàrá ẹ́ńjìnnì ni ọkọ̀ ti ń wọn omi. Ti àkọ́kọ́ ṣeé gbà. Ti ìkejì ló dá wàhálà sílẹ̀, a ó sì dé ibẹ̀.

Àṣìṣe ohun èlò àti àṣìṣe akọ̀wé

Ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi rọ̀ mọ́, nítorí náà n ó fara balẹ̀ lórí rẹ̀.

Àṣìṣe ohun èlò ń tẹ̀lé òfin ẹ̀dá. Ẹ jẹ́ ká wo garawa kánfáàsì kan. Atukọ̀ jù ú sómi, ó fà á sókè, ó gbé e kalẹ̀, ó ti tẹmọ́mítà bọ̀ ọ́, ó sì ń retí kó dúró sójú kan. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, omi ń rin lára aṣọ garawa, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù ú, omi tó ń di oru sì ń gba ooru lọ lọ́wọ́ èyí tó kù nínú. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, tó sì le, ooru tó sọnù a pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, tí ọ̀rinrin sì kún inú rẹ̀, a kéré. Àṣìṣe yìí kì í wá dọ́gba láti oṣù dé oṣù tàbí láti ibì kan dé ibòmíràn. Ní etí òkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà àti ti Éṣíà nígbà òtútù, níbi tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ti ń ti orí ilẹ̀ wá sórí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó máa ń pọ̀ gan-an. Ó ń fi ipa sílẹ̀, a sì lè tọ ipa náà. Ohun tí Folland àti Parker ṣe nìyẹn: wọ́n wo bí ìyàtọ̀ láàrin ìgbà òtútù àti ìgbà ooru ṣe ń yí padà nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́, wọ́n sì fi ìyẹn mọ iye tí garawa ti jẹ́ kó sọnù. Ọgbọ́n ńlá ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un.

Àṣìṣe akọ̀wé kò tẹ̀lé òfin ẹ̀dá kankan. Àsíá ọkọ̀ ló ń tẹ̀lé, àti ọ́fíìsì, àti ìlànà tí ẹnì kan fi lélẹ̀ lórí bí a ó ṣe máa da nọ́ńbà kọ. Akọ̀wé tó gé nọ́ńbà kúrú ní oṣù Kìíní yóò gé e kúrú ní oṣù Keje. Yálà afẹ́fẹ́ gbẹ tàbí kò gbẹ, bákan náà ni. Nítorí bẹ́ẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ kì í hàn lára ìyàtọ̀ ìgbà òtútù àti ìgbà ooru. Kókó yìí ni mo rò pé a kò tíì fún ní àyè tó tọ́ sí i. Ọgbọ́n tó mú kí àtúnṣe 1995 ṣiṣẹ́ náà ló mú kó fọ́jú sí irú àṣìṣe kejì. A kò lè sọ pé àwọn oníṣẹ́ náà kò ṣọ́ra. Bí wọ́n ti wù kí wọ́n ṣọ́ra tó, ohun tí kì í yí padà pẹ̀lú oṣù kò lè bọ́ sínú àwọ̀n tó jẹ́ pé ìyípadà oṣù nìkan ló ń mú.

Ẹ̀rí tó lágbára jù wà nínú àkọsílẹ̀ Kobe, ìwé àwọn ọkọ̀ Japáànù. Chan, Kent, Berry àti Huybers (2019) mú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi wé ti ọkọ̀ mìíràn tó sún mọ́ ọn ní àkókò àti ní ibi. Wọ́n rí i pé iye tí ọkọ̀ Japáànù kọ ní àwọn ọdún 1930 rẹlẹ̀ ju ti àwọn tó wà nítòsí wọn. Ibi tó ti ṣẹlẹ̀ kò sí lójú òkun rárá. Nígbà tí wọ́n ń kó ìwé náà wọ inú ẹ̀rọ ní àwọn ọdún 1960, wọ́n gé gbogbo ohun tó tẹ̀lé àmì ìdá-mẹ́wàá sọnù. 23.1 di 23. 23.7 náà di 23, bẹ́ẹ̀ 24 ló sún mọ́ jù.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí nọ́ńbà tó tẹ̀lé àmì náà bá lè jẹ́ èyíkéyìí láti òdo dé mẹ́sàn-án, láìsí ojúsàájú, ohun tí a pàdánù lórí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.45°C ní ìpíndọ́gba. Bí àwọn atukọ̀ kan bá ti kọ odidi nọ́ńbà láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò dín díẹ̀ sí i. Ẹ fi ìyẹn wé àtúnṣe garawa kánfáàsì, tó wà ní nǹkan bí 0.4°C ní ìpíndọ́gba àgbáyé nígbà tó pọ̀ jù. Bí gègé akọ̀wé tó jókòó sínú ọ́fíìsì bá lè mú ooru tó pọ̀ tó èyí tí ẹ̀fúùfù òkun mú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní ohun tí a ń fi sí àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé.

Àbájáde rẹ̀ kò sì mọ sórí nọ́ńbà. Kí àtúnṣe yìí tó dé, àkọsílẹ̀ ń sọ pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, Àtìláńtíìkì àríwá àti ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Pàsífíìkì móoru ní ìlọ́po méjì ìpíndọ́gba àgbáyé, nígbà tí ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn Pàsífíìkì ń tutù ní iye tó dọ́gba pẹ̀lú ìpíndọ́gba náà. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń pe àbá: ẹnì kan á ní ìṣàn omi ló yí padà, ẹlòmíràn á ní afẹ́fẹ́ ni. Nígbà tí Chan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ti Japáànù ṣe, ìmóoru Pàsífíìkì àríwá pọ̀ sí i, ó sì dọ́gba. Nígbà tí wọ́n tún ti ọkọ̀ Jámánì ṣe, ìmóoru Àtìláńtíìkì àríwá dín kù. Òkun tún wá bá àwọn ibùdó orí ilẹ̀ tó wà nítòsí rẹ̀ mu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n parí ọ̀rọ̀ wọn pé ìṣesí ẹ̀dá àti ìṣesí àwùjọ ló jọ wà nínú àkọsílẹ̀ òkun. Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ mo rò pé wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́ jù. Níbi tí wọ́n ti rí ohun tó ṣẹ́ kù láti tún ṣe, mo rí ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú gbogbo ìbéèrè mìíràn.

Ọ̀ràn 1945

Ẹnì kan lè bi mí pé: ibo ni ìparí ogun bọ́ sí nínú ìpín méjì yìí? Ìbéèrè náà tọ́. Thompson, Kennedy, Wallace àti Jones (2008) yọ ipa El Niño àti ti àwọn ìṣesí mìíràn tí a mọ̀ kúrò nínú ìgbóná àgbáyé. Ohun tó wá yọ síta ni pé ìgbóná ojú òkun já wálẹ̀ ní nǹkan bí 0.3°C ní òpin 1945, lójijì, bẹ́ẹ̀ irú ìjálulẹ̀ yìí kò sí lórí ilẹ̀. Láti oṣù Kìíní 1942 dé oṣù Kẹjọ 1945, nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 àkọsílẹ̀ ló ti ọ̀dọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà wá, ti ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ju nǹkan bí ìdá 5 lọ. Láti ìparí 1945 dé 1949, ti Amẹ́ríkà rọ̀ sí nǹkan bí ìdá 30, ti Gẹ̀ẹ́sì gòkè dé nǹkan bí ìdá 50. Omi yàrá ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń wọn, garawa sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò.

Ọ̀pọ̀ ń ka èyí sí ọ̀ràn ohun èlò, torí garawa àti ẹ́ńjìnnì ló wà níbẹ̀. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà kò yí ọwọ́ padà ní oṣù Kẹjọ 1945, ti Gẹ̀ẹ́sì náà kò yí i padà. Ohun tó yí padà ni ìwé ta ni ó wọ inú àpapọ̀. Ogun parí, ọkọ̀ pínyà, akọ̀wé sì to ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ léra. Garawa ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ohun tí garawa ń ṣe nígbà gbogbo, àmọ́ àtúnṣe garawa ti dópin ní 1941, kò sí ẹni tó dá ooru rẹ̀ padà fún un. Ìsopọ̀ ìwé méjì ló bí ìjálulẹ̀ náà, ọwọ́ akọ̀wé sì ni ìsopọ̀ ìwé wà. Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan yóò fẹ́ ṣe ìpín kẹta fún irú èyí. Wọ́n lè jàre, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣe é, ẹ̀gbẹ́ akọ̀wé ni ìpín náà yóò wà.

Ẹ̀rí láti orí ilẹ̀

Sippel àti ẹgbẹ́ rẹ̀ (2024) ti gba ọ̀nà mìíràn dé ìdí ọ̀rọ̀. Wọ́n fi àkọsílẹ̀ orí ilẹ̀ nìkan ṣírò ohun tó yẹ kí ìgbóná àgbáyé jẹ́, wọ́n sì fi àkọsílẹ̀ òkun nìkan ṣe bákan náà. Láti 1900 dé 1930, òkun tutù ju bí ilẹ̀ ti sọ lọ ní nǹkan bí 0.26°C. Ohun kan kò lè mú òkun tutù tó bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún kí ilẹ̀ má mọ̀ sí i. Ìmóoru tó le láti 1910 dé 1940, tí ọ̀pọ̀ ìwé ti ń wá ìdí rẹ̀ nínú oòrùn àti nínú ìṣàn omi, wá di ìmóoru níwọ̀nba. Iye wo nínú 0.26 yìí ni ti garawa, iye wo sì ni ti gègé? Ìwé náà kò pín in, ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò sì tíì tó láti pín in. Èrò tèmi ni pé ti gègé pọ̀ ju bí a ti ń rò lọ.

Omi tó wà níwájú wa

Mi ò lè ṣàìyà sórí ọ̀rọ̀ kan tó kan ilé wa. Folland kan náà, pẹ̀lú Palmer àti Parker, ló fi hàn ní 1986 pé òjò Sàhẹ́lì ń tẹ̀lé ìyàtọ̀ ìgbóná láàrin òkun ìhà àríwá ayé àti òkun ìhà gúúsù. Ṣáájú wọn, Charney (1975) ti di ẹ̀bi ọ̀dá Sàhẹ́lì ru ilẹ̀ tí ewéko ti tán lórí rẹ̀, àwọn kan sì tipa bẹ́ẹ̀ ń bá darandaran wí. Giannini, Saravanan àti Chang (2003) fún àwòṣe kọ̀ǹpútà ní ìgbóná ojú òkun nìkan, láti 1930 dé 2000, àwòṣe náà sì mú ìlọsílẹ̀ òjò Sàhẹ́lì jáde. Òkun ló jẹ̀bi, darandaran kò jẹ̀bi. Ìdáláre ńlá ni èyí jẹ́ fún àwọn ènìyàn tí a ti fi ẹ̀sùn kàn láìnídìí.

Omi tó wà níwájú Èkó, Kútọnu àti Accra kò yọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti oṣù Keje sí Kẹsàn-án, omi tútù a máa ru sókè létí òkun Ghana àti Côte d'Ivoire, ó sì wà lára ohun tó ń fún wa ní ọ̀dá kékeré inú oṣù Kẹjọ. Ní 1984, omi ìlà-oòrùn Àtìláńtíìkì lẹ́bàá agbede-méjì ayé gbóná kọjá ìwọ̀n, ọdún náà sì ni ọ̀dá Sàhẹ́lì le gan-an. Àwọn ẹ̀rí ìgbẹ̀yìn yìí dúró gbọn-in, torí lẹ́yìn 1968 ni ọ̀dá náà wáyé, àkọsílẹ̀ sì ti pọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lọ sẹ́yìn, láti mọ̀ bóyá irú 1984 ti ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún 1910 tàbí 1930, ojú ọ̀nà ọkọ̀ oníṣòwò nìkan ni yóò ti rí ìwé kà. Níbi tí ọkọ̀ kò pọ̀, ẹgbẹ́ akọ̀wé kan ṣoṣo lè gba gbogbo omi náà, kò sì sí ọkọ̀ aládùúgbò tí a ó fi wé e. Ìlànà Chan kò lè gbà wá níbẹ̀.

Èsì sí àtakò

Àwọn tó ń sẹ́ pé ayé ń móoru yóò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ yìí mọ́ wa lọ́wọ́. Wọn kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Àtúnṣe garawa ń gbé ìgbóná àtijọ́ sókè, nípa bẹ́ẹ̀ ó ń dín ìmóoru ọgọ́rùn-ún ọdún kù. Bí a bá fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀ láìtún un ṣe, ìmóoru tí a ó rí yóò le ju èyí lọ. Nígbà tí Karl àti ẹgbẹ́ rẹ̀ (2015) ṣe àtúnṣe sí ìyàtọ̀ 0.12°C tó wà láàrin ọkọ̀ àti àwọn ẹ̀rọ tó ń léfòó, ariwo ta pé wọ́n ń yí nọ́ńbà. Hausfather àti ẹgbẹ́ rẹ̀ (2017) lo àwọn ẹ̀rọ tó ń léfòó nìkan, sátẹ́láìtì nìkan, àti Argo nìkan, àwọn ẹ̀rọ tó ń wọn omi láti ìsàlẹ̀ òkun wá sókè. Ohun tí Karl sọ ni wọ́n bá. Ọkọ̀ Challenger tún wà níbẹ̀, tó rin òkun ayé láti 1872 dé 1876, ọkọ̀ kan ṣoṣo, ọwọ́ àwọn akọ̀wé kan náà. Roemmich, Gould àti Gilson (2012) fi í wé Argo, wọ́n rí i pé ojú òkun ti móoru ní 0.59°C ní ìpíndọ́gba níbi tí ọkọ̀ náà gbà kọjá. Kò sí garawa ẹgbẹ́ ọkọ̀ kankan nínú ìyẹn. Ìmóoru ọjọ́ pípẹ́ dúró. Ohun tí mò ń bá jà ni ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ tí a kà sínú àárín rẹ̀.

Ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ Àtìláńtíìkì

Èyí ló gbé mi dé ibi tí mo fẹ́ dé. Schlesinger àti Ramankutty (1994) sọ pé Àtìláńtíìkì àríwá ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ní ọdún 65 sí 70. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ti tẹ̀lé e. Láti ìgbà tí àkọsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, irú ìyípo bẹ́ẹ̀ kò tíì pé mẹ́ta. Nínú ìwọ̀nba tí a rí, ìgòkè ti 1910 sí 1940 ni òpó ilé. Òpó yìí gan-an ni àtúnṣe ọkọ̀ Jámánì gé kúrú, òun ni Sippel dín kù láti orí ilẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ tó tẹ̀lé e, ti àwọn ọdún 1960 sí 1980, Booth àti ẹgbẹ́ rẹ̀ (2012) ti kà á sí èéfín ilé-iṣẹ́ tó ń bo oòrùn. Lóòótọ́, Zhang àti ẹgbẹ́ tirẹ̀ (2013) jà wọ́n níyàn, ìjà náà kò sì tíì tán. Mann, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ yìí lárugẹ, ti padà lẹ́yìn rẹ̀: òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (2021) fi ìyípo ti ẹgbẹ̀rún ọdún tó kọjá sọ́rùn òkè oníná.

Bí ìgòkè àkọ́kọ́ bá jẹ́ ti akọ̀wé dé ìwọ̀n kan, tí ìsọ̀kalẹ̀ tó tẹ̀lé e sì jẹ́ ti èéfín dé ìwọ̀n kan, kí ló kù fún òkun láti ṣe fúnra rẹ̀? Ìdáhùn mi ni pé kò kù ju díẹ̀ lọ. Mo gbà pé ẹ̀rí tí mo kó jọ kò tíì ti ilẹ̀kùn pa pátápátá. Àwọn òrùka inú igi àti ìṣírò iyọ̀ omi òkun lè tún ọ̀rọ̀ yí. Síbẹ̀, ẹni tó ń sọ pé ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ wà ló yẹ kó mú ẹ̀rí wá, kì í ṣe ẹni tó ń béèrè ẹni tó kọ nọ́ńbà.

Àgbálọgbábọ̀

Ìṣírò ń wo àṣìṣe ohun èlò sàn. Àṣìṣe akọ̀wé, ìwé kíkà ló ń wò ó sàn: àṣẹ ọ́fíìsì, ìlànà tí wọ́n fún àwọn tó ń da nọ́ńbà kọ, àti ìwé ọkọ̀ gan-an, láti wò ó bóyá atukọ̀ kọ 23.7 tàbí 23. Iṣẹ́ òpìtàn ni, ó sì yẹ kí a gba òpìtàn sínú ẹgbẹ́ tó ń ṣe HadSST tó kàn àti ERSST tó kàn, kí orúkọ wọn wà lójú ìwé pẹ̀lú ti onímọ̀ ìṣírò. Bákan náà, kí gbogbo àkójọ máa fi orílẹ̀-èdè, ọdún tí a da ìwé kọ àti ọ̀nà tí a gbà dà á kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni lè yọ ẹgbẹ́ kan kúrò kó sì wo ohun tó ṣẹ́ kù. Títí di ìgbà tí èyí yóò fi ṣeé ṣe, mo dábàá pé kí a má pe ìyípadà kankan tó gbára lé àkọsílẹ̀ òkun ṣáájú 1950 nìkan ní ìṣe òkun.